Ohun Tí Mo Rí Lára Ewé Tòmátì Bàbá Olúgbémiga

Èmi ni mo gbé e wọlé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí, nítorí mo mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Tí mo bá fi í sílẹ̀ dìgbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ parí, màá ti rí ẹni tí mo máa dì í rù. Àwọn ará ìjọ wa ní Dagenham níbí ṣì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló gbé kòkòrò wọ ilé gíláàsì Bàbá Olúgbémiga, tó fi ba gbogbo tòmátì wọn jẹ́. Afẹ́fẹ́ wo? Èmi Olúyọmí ni. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e, lọ́sàn-án gangan, mo tún ń súfèé.

Bàbá Olúgbémiga kọ́ ló bí mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí a jọ ń lọ. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi wa tírélà láti Dagenham Dock, wọ́n mọ gbogbo títì ilẹ̀ yìí bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Marks Gate ni wọ́n ń gbé, níbi tí ariwo mọ́tò A12 kì í ti í dákẹ́, nínú fúláàtì kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ máa ń kún fún ike yógọ́ọ̀tì láti oṣù kejì ọdún. Nínú ike wọ̀nyẹn ni wọ́n ti máa ń hu irúgbìn tòmátì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Tí inú bá bí wọn, wọ́n á ṣí fìlà wọn, wọ́n á wo inú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún un dé. Gbogbo ìbínú wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti rí i rí, yóò sọ fún yín pé ó sàn kí wọ́n na òun.

Oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì Mayesbrook, lórí alọ́tìmẹ́ǹtì, ilẹ̀ tí káńsù pín sí abala-abala fún àwọn tó bá fẹ́ gbin nǹkan. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ìyàwó wọn, Màmá Ìbíyẹmí, ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Màmá ló so irúgbìn tòmátì mọ́ etí ìró láti Ìjẹ̀bú, ó wọ bàálù, ó sì gbìn ín sí ilẹ̀ òtútù yìí nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe irú tòmátì róbótó tí ẹ ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ìlà-ìlà lára bí elégédé kékeré, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Tí wọ́n bá fi í se ọbẹ̀, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ nìyí. Tí tòmátì bá pọ́n dáadáa, Màmá á fún èso inú rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò Ìkórè ọdún tó kọjá, á sá a kó gbẹ mọ́ ìwé náà. Lẹ́yìn náà á gé ìwé yẹn sí wẹ́wẹ́, á ká a bí ìgbà tí èèyàn ká oògùn orí fífọ́. Lọ́jọ́ Ìkórè, á kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níwájú pẹpẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀kan. Ẹyọ kan ni Màmá àti Bàbá ń mú lọ sílé, èyí tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Wọn kì í fi òmíràn pamọ́. Màmá ní òun ò fẹ́ kó ẹ̀bùn Ọlọ́run há sínú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí Màmá kú, Bàbá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n dúró níwájú gbogbo ìjọ nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí àwọn sí di ọdún kẹwàá, tòmátì Ìbíyẹmí ni gbogbo ìjọ máa fi jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ Ìkórè. Gbogbo wa ṣe àmín. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ jẹ́ láàárín àwa Aládùúrà, a kì í fi ṣeré. Ọdún tó kọjá yìí ló pé ọdún mẹ́wàá.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn ni ìyàwó mi kó lọ sí Manchester, tí ilé mi ṣófo, tí mo ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá pè mí lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, ojú àwọn sì ti ń ṣe bàìbàì, kí n wá máa bá àwọn pín ilẹ̀ náà. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n lóòótọ́, àwọ̀ funfun sì ti ń bo ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà là ni èmi. Mo mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n, a ò sì sọ ọ́ rí.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé gíláàsì náà. Tòmátì ọjà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun tí wọ́n bá fi kó tòmátì ọjà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní Màmá ò fẹ́ ẹ. Ó tán síbẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sínú ìjọ wa á mọ ìdí tí n kò fi bèèrè mọ́. A kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun, a kì í ṣe tibí, a kì í ṣe tọ̀hún, kò sí ẹni tó ń jókòó ṣàlàyé ìdí fún wa. Mo ka tiwọn náà mọ́ èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń sọ nínú ọkàn mi pé obìnrin yìí ti kú, kò tún jẹ́ kí èèyàn simi.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe rèé: mo ń já ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Dagenham Dock, níbi tí wọ́n ti ń kó èso àti ẹ̀fọ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀ wọlé. Tòmátì tó bá ti rọ̀, tí wọn ò lè tà mọ́, ọ̀gá wa máa ń jẹ́ kí a kó o. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń kó tèmi lọ fún àwọn ìyá ìjọ, wọ́n á lọ̀ ọ́ fún ọbẹ̀. Inú kíréètì oníke aláwọ̀ ewé ló máa ń wà. Ẹni tó bá já ẹrù ni yóò lẹ bébà mọ́ kíréètì, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i.

Ní oṣù karùn-ún, a ti kó àwọn irúgbìn láti Marks Gate wá sínú ilé gíláàsì, ìkòkò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà. Mo rí Bàbá bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ bomi rin wọ́n, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ṣe mí láàánú. Mo ní kíréètì mẹ́rin nínú bùútù mọ́tò mi. Àwọn ìyá ìjọ ti kó tòmátì inú mẹ́ta, ọ̀kan ṣì ní nǹkan bíi mẹ́wàá tó ti fọ́ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ewé àti igi rẹ̀. Mo dojú mẹ́ta dé, mo to ìkòkò lé wọn lórí kí Bàbá má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìkẹrin, mo fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, mo ní màá dà á nù tó bá yá. Èèwọ̀ Màmá wá sí mi lọ́kàn, kí n má purọ́. Mo ní òkú ò lè bínú sí ẹni tó ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá dé, wọ́n fi ọwọ́ kan àwọn ìkòkò, wọ́n rí i pé wọ́n ti ga. Wọn ò rí ohun tó wà lábẹ́ wọn dáadáa, wọ́n rò pé páńkó ni. Wọ́n súre fún mi títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́n. N ò dà á nù tó bá yá. Mo gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni mo rí i. Ewé ìsàlẹ̀ kan ni, ara rẹ̀ funfun níbi mélòó kan bí ẹni pé wọ́n fi omi gbígbóná jó o. Mo ká a, mo gbé e sókè kí oòrùn lè tàn gba inú rẹ̀. Láàárín awọ ewé méjèèjì, kòkòrò kékeré kan ń jẹun lọ, ó tín-ín-rín, ó sì fi ìgbẹ́ dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó gbà. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri níbi iṣẹ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ àkókò wọlé. Wọ́n ti pè wá jọ nípa rẹ̀ rí, wọ́n ní àfòpiná kékeré eléérú kan ló ń yé e sára ewé tòmátì, pé inú kíréètì ló máa ń fara pamọ́ sí rìnrìn àjò, pé tó bá wọ ilé gíláàsì ẹnì kan, onítọ̀hún wọ gàù. Mo bojú wo abẹ́ tábìlì. Tòmátì inú kíréètì ti gbẹ mọ́ ọn.

Mo yọ àwọn kíréètì mẹ́ta tó wà lábẹ́ ìkòkò lọ́jọ́ náà, mo fi páńkó gidi rọ́pò wọn. Ìkẹrin, mo tì í wọ inú kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún sẹ́yìn àwọn àpò ilẹ̀dú, nítorí mo gbọ́ ìró ọ̀pá Bàbá lójú ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí ojú wọn ti ń lọ.

“Olúyọmí, ojú tèmi ti di ojú tìrẹ o. Kí lo rí lára ewé?”

Ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo ní kò sí nǹkan kan, Bàbá, oòrùn ló jó ọ̀kan díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, kí n máa ṣí fèrèsé òkè fún wọn.

Ẹ máa bi mí pé kí ló pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi náà ti bi ara mi tán. Ẹ̀rù fìlà yẹn ń bà mí. Mo tún rò pé nǹkan tí mo lè ṣe fúnra mi ni, tí mo máa ṣe tán kí wọ́n tó mọ̀. Tí mo bá ti parí iṣẹ́ ní aago méjì, màá sáré dé oko kí bọ́ọ̀sì Bàbá tó dé, màá já gbogbo ewé tó bá ti funfun. Ohun tí mo wá fi wọ́n ṣe ló ń pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún títí dòní. Ẹ̀yìn ilé gíláàsì ni mo ń dà wọ́n sí, lórí òkìtì ìdọ̀tí tí a fi ń ṣe ilẹ̀dú. Kòkòrò inú wọn ń jáde wọ inú ilẹ̀, ó ń di àfòpiná, ó ń gba ojú fèrèsé tí èmi fúnra mi ṣí padà wọlé. Ẹyin tuntun, kòkòrò tuntun. Mo ń gbé wọn jáde láti ẹnu ọ̀nà, mo ń gbà wọ́n wọlé láti òkè.

Bàbá tún bi mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ó dà bíi pé ewé ìsàlẹ̀ ti dín kù, kí ni mo rí? Mo ní mo gé wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè ni. Wọ́n yìn mí. Nígbà náà ni mo lọ ra pańpẹ́ kan, ìyẹn àwo kékeré tí wọ́n fi òórùn abo àfòpiná sí kí akọ lè wá kó sínú rẹ̀. Mo fi í pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi. Lọ́jọ́ kejì mo ka mọ́kànlélógójì nínú rẹ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá dé bá mi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n bi mí.

“Kí lo rí, ọmọ mi?”

Wọn kì í pè mí ní ọmọ mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní ó rẹ̀ mí ni.

Ní oṣù keje, tòmátì ti ń gbó, àwọn kan ti ń pọ́n. Bàbá máa ń fi ọwọ́ kà wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n ń ṣírò iye tí yóò tó fún ìkòkò ọbẹ̀ ìjọ. Ọjọ́ kan, wọ́n di ọ̀kan mú nídìí ibi tó ti so mọ́ igi, ìka wọn sì wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n yọ ìka, wọ́n fi òórùn rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di òmíràn mú, ìka tún wọlé. Wọ́n wá ká ewé kan, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka yí i wò, ó ń pariwo bí bébà. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n wo inú rẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n sọ ìtàn tó yẹ kí wọ́n ti sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní. Ní ọdún kẹta tí wọ́n ní ilẹ̀ náà, Màmá ra tòmátì lọ́jà Romford, ó gbé e sínú ilé gíláàsì kó má baà rọ̀ nínú oòrùn. Kòkòrò yìí kan náà ló tẹ̀ lé e wọlé. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi bá a jà, ẹsẹ̀ tòmátì méjì péré ni wọ́n rí gbà là, inú méjèèjì yẹn ni gbogbo tòmátì tí wọ́n ti ń gbìn láti ọjọ́ náà ti wá. Màmá fi ṣòfin. Nígbà tó ṣe, ó rẹ̀ wọ́n láti máa tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè, wọ́n kàn ń sọ pé Màmá ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní tí àwọn bá bá a ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ewé mẹ́wàá péré ni wọ́n máa já. Wọ́n á dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á so ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á gbé e sínú oòrùn kí kòkòrò inú rẹ̀ lè jóná. Wọ́n á fi àwọ̀n bo fèrèsé. Ó tán.

Ẹ ò rí nǹkan. Ohun tí mo ń sá kiri wá, orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló jókòó sí.

Wọ́n wá bi mí pé ta ló gbé tòmátì ọjà wọ ibẹ̀.

“N ò mọ̀, Bàbá,” ni mo wí. “Bóyá afẹ́fẹ́ ló gbé e wá.”

Wọ́n tún fìlà wọn dé. Wọ́n ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ti jáde, tó fi dé ìjọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jà. Aaron, òyìnbó tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wá bá wa dá sí i. A já ewé, a dì í sínú ọ̀rá, a so pańpẹ́ aláwọ̀ èsúrú tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò kọ́ sókè, a tú ilẹ̀ ìdí wọn. Bàbá ń darí wa láti orí àga wọn, wọn ò pariwo mọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Lójoojúmọ́ la ń bá ihò tuntun. Nígbà tó yá, Aaron rọra sọ fún wọn pé ọ̀dùnkún òun àti tàwọn ará ìyókù wà nínú ewu, pé ó di dandan kí a fa gbogbo rẹ̀ tu. Bàbá ní òótọ́ ló sọ. A fa ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tu lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bàbá ní kí n gbé ọ̀kan tó gbẹ̀yìn fún àwọn, wọ́n fi ọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀ bóyá àwọn á rí tòmátì kan tí ìka kò ní wọ inú rẹ̀. Wọn ò rí. Bàbá fúnra wọn ló tì í bọ inú ọ̀rá dúdú. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Ìjọ ló kù tí mo lè lọ bá. Mo ní ṣebí ọdọọdún ni wọ́n ń pín irúgbìn yìí, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ ò ní ṣaláìní díẹ̀ nílé. Ilé mẹ́tàdínlógún ni mo dé. Ìyá Wúrà, olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ìjọ, fi tayọ̀tayọ̀ ṣí Bíbélì rẹ̀, ó kó mẹ́fà jáde, ọdún mẹ́fà gbáko, gbogbo rẹ̀ ló ti rin gbingbin nínú òróró àdúrà. Ó ní lọ́dọọdún lòun ń fi òróró yàn án. Ẹlòmíràn ti rẹ tiẹ̀ sínú omi, ó mu omi rẹ̀ nígbà tí àyà ń dùn ún. Ẹnì kan rán an sílé pẹ̀lú lẹ́tà fún ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹnì kan fi tiẹ̀ sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, nítorí ibẹ̀ ni àwòrán àwọn òbí rẹ̀ wà. Wọ́n fẹ́ràn Màmá ni, wọ́n sì ka irúgbìn rẹ̀ sí nǹkan mímọ́. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rò ó pé kí òun gbìn ín.

Ẹ má jẹ́ kí n bú wọn. Èmi náà gba mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin tí mo fi wà pẹ̀lú wọn. Mo fọ méjì mọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, ẹ̀kẹta, n ò lè sọ ibi tó wọlé sí, nítorí tòmátì kì í wọ́n mi, ọ̀fẹ́ ni mo ń rí i níbi iṣẹ́. Mo kó àwọn tí mo rí gbà jọ, mo tẹ́ wọn sórí bébà tútù nínú ilé mi, mo ń wò wọ́n láàárọ̀ kí n tó lọ sí iṣẹ́ àti tí mo bá dé. Oṣù kan gbáko. Ọ̀kankan ò hù.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, lẹ́tà ilé ìwòsàn tí Bàbá ti ń retí láti ọdún méjì dé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún wọn, ojú náà là, ó sì jọ wọ́n lójú gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbá inú ilé gíláàsì, kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àwọn á dá a ṣe. N ò rántí nǹkan kan. Ẹ gbà mí gbọ́, n ò rántí.

Ìkórè bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù kẹwàá. Ìyá Wúrà ti bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ náà pé kí n kó tòmátì wá bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí ìjọ gbọ́dọ̀ jẹun. Mo kó o wá. Tòmátì ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ọdún kẹwàá Màmá Ìbíyẹmí. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá síwájú, wọ́n sọ fún ìjọ pé ẹ̀jẹ́ tí àwọn jẹ́, àwọn ò rí i san, kí wọ́n bá àwọn bẹ Ọlọ́run, kí wọ́n sì bá àwọn bẹ Ìbíyẹmí. Ohùn wọn ò gbọ̀n. Àwọn ìyá ló ń sunkún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọrẹ Ìkórè tiwọn kalẹ̀ níwájú pẹpẹ: àgbàdo, elégédé kan, àlùbọ́sà. Inú kíréètì aláwọ̀ ewé tí mo tì sínú kọ̀rọ̀ ló wà. Mo wà ní ìlà kejì. Bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ nu ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀, orúkọ mi hàn níbẹ̀ ketekete pẹ̀lú ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n padà síjókòó wọn.

N ò gbọ́ ohun tí wọ́n fi parí ìsìn. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, mo bá Bàbá níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti bọ́ aṣọ funfun, wọ́n ń wọ bàtà wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn mi.

“Bàbá, èmi ni.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Nígbà tí ojú mi là, orúkọ rẹ ni nǹkan tí mo kọ́kọ́ rí kà nínú ilé gíláàsì yẹn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ni, pé mo rò pé èèwọ̀ lásán ni. Wọ́n ní kí n dìde, kí aṣọ àdúrà má dọ̀tí. Mo ń retí kí wọ́n ṣí fìlà. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Ti kíréètì kọ́ ló dùn mí,” ni wọ́n wí. “Ìbíyẹmí náà gbé e wọlé rí, kò mọ̀. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Olúyọmí.”

Wọ́n so okùn bàtà wọn, wọ́n wọlé lọ jẹun pẹ̀lú àwọn ará. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ náà tán. Mo rí wọn.

Wọn ò lé mi lórí ilẹ̀ náà. Mo rò pé wọ́n máa lé mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n lé mi. Nígbà tí ọdún yí, wọ́n pè mí pé àkókò gbíngbìn ti tó. Irúgbìn inú páálí ṣọ́ọ̀bù la gbìn, tòmátì róbótó bíi ti gbogbo èèyàn. Ó ń ṣe dáadáa. Tí mo bá ti parí iṣẹ́, màá bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílé, màá wẹ̀ kí n tó lọ síbẹ̀, n kì í gbé mọ́tò mi dé iwájú géètì. Màá yẹ ewé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, màá sì sọ gbogbo ohun tí mo bá rí. Bàbá, ọ̀kan ti pọ́n nídìí. Bàbá, eèrà mẹ́ta wà níbí. Bàbá, ojú kan funfun níbí, ṣùgbọ́n mo ti gbé e sókè wò, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ó dáa, o ṣé. Wọ́n á wá dìde lórí àga wọn, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn yí ewé náà wò.

Ọdún kan gbáko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí tí wọn ò tíì bi mí pé kí ni mo rí. Dókítà ti ṣe ojú kejì náà fún wọn, wọ́n ń ríran jù mí lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìdí nìyẹn.